Àlàfo Tó Wà Láàárín Pèpéle àti Ọkọ̀

Bí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá fẹ́ wọ DART, ọkọ̀ ojú irin oníná tó ń gba etí òkun Dublin, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní láti gbé pátákó wá pàdé rẹ̀ lórí pèpéle. Pátákó náà ṣeé ká. Òṣìṣẹ́ náà á tú u, á fi ìpẹ̀kun rẹ̀ kan lé pèpéle, á fi ìkejì lé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, á sì dúró tì í títí kẹ̀kẹ́ náà á fi gùn ún wọlé. Kì í pẹ́ rárá. Bí ọkọ̀ bá dé ibi tí onítọ̀hún ń lọ, òṣìṣẹ́ mìíràn ní láti ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú pátákó tirẹ̀. Bí kò bá sí, onítọ̀hún á wà nínú ọkọ̀, á máa wo ibùdókọ̀ rẹ̀ lójú fèrèsé bó ṣe ń kọjá lọ. Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí kò ju àlàfo kan tí kò fẹ̀ tó ìgbésẹ̀ àgbà, àti ilẹ̀ ọkọ̀ tó fi díẹ̀ ga ju pèpéle lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lè fi ọdún mẹ́wàá dá a kọjá láràárọ̀ kó má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀síwájú rélùwéè bá délẹ̀, ọkọ̀ tuntun, ojú irin tuntun àti eré sísá ni ẹnu wa máa ń yá sí. Èrò tèmi ni pé ibùdókọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Nínú ibùdókọ̀ náà, mi ò ka gbọ̀ngàn aláràbarà sí tó ọ̀nà tí èèyàn ń tọ̀ láti títì dé inú ọkọ̀: àtẹ̀gùn, lífìtì, géètì, òrùlé tí òjò kò lè gbà jò séèyàn lára, àti àlàfo tí mo wí yẹn. Ibi tí ọ̀nà yẹn bá ti já ni ìrìn àjò ti parí fún ẹni tí ó já mọ́ lẹ́sẹ̀, bó ti wù kí ọkọ̀ náà yára tó. Dublin sì dára láti fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, torí gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ibùdókọ̀ tó ti lé ní àádọ́jọ ọdún, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àti ọ̀kan tí wọ́n kọ́ parí tí wọ́n tì pa fún ọdún gbọọrọ.

Ó pẹ́ tí Dublin ti mọ ọkọ̀ ojú irin. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1834 ni wọ́n ṣí ojú irin àkọ́kọ́ ní Ireland, láti Westland Row láàárín ìlú dé Kingstown, ìlú etí òkun tó ń jẹ́ Dún Laoghaire lónìí. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn tiwa. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń la ojú irin nígbà náà, oníkálukú sì kọ́ ibùdókọ̀ tirẹ̀ síbi tó bá a lára mu: Amiens Street fún àwọn tó ń lọ sí Drogheda ní 1844, Kingsbridge fún àwọn tó ń lọ sápá gúúsù ní 1846. Kò sí èyí tó kan èkejì lára. Ó di 1891 kí wọ́n tó so Westland Row pọ̀ mọ́ Amiens Street, tí wọ́n fi afárá irin gba orí odò Liffey kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Custom House, tí ojú irin náà sì ga ju títì lọ. Ní 1966, nígbà tí ọ̀tẹ̀ òmìnira ọdún 1916 pé àádọ́ta ọdún, wọ́n fi orúkọ àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa nítorí rẹ̀ sọ ibùdókọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri ilẹ̀ náà. Amiens Street di Connolly, Westland Row di Pearse, Kingsbridge di Heuston. Seán Heuston fúnra rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé rélùwéè rí.

Ohun tí ìtàn yìí fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lónìí ni pé mẹ́ta nínú àwọn ibùdókọ̀ tó máa ń kún jù ní Dublin, ìyẹn Connolly, Tara Street àti Pearse, òkè ni pèpéle wọn wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ní láti gùnkè. Lójú àwọn tó kọ́ wọn, èyí kì í ṣe ìṣòro, nítorí aláàárù wà nígbà náà. Ẹni tó lẹ́rù á pe aláàárù, ẹni tí ara rẹ̀ kò le á rí ẹni dì mú. Nígbà tó yá, aláàárù kúrò, àtẹ̀gùn kò kúrò. Níbi yẹn gan-an ni àlàfo ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n yọ èèyàn kúrò nínú ibùdókọ̀, wọn ò sì tún ibùdókọ̀ náà ṣe lọ́nà tí àìsí èèyàn yẹn ò fi ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Lífìtì ni wọ́n wá fi rọ́pò aláàárù. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló sábà máa ń wà fún pèpéle kan, bí èyí bá sì ti bàjẹ́, ọ̀nà mìíràn kò sí. Púpọ̀ nínú wọn wà níta gbangba. Òjò ń pa wọ́n, ẹ̀fúùfù ń fẹ́ lù wọ́n, àwọn jàǹdùkú sì ń ba òmíràn jẹ́ lóru nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Iarnród Éireann, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin ní Ireland, ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó pè ní Big Lift, Little Lift, láti sọ àwọn lífìtì ògbólógbòó dọ̀tun. Ó tún ta ọgbọ́n mìíràn: ní àwọn ibùdókọ̀ kan, lífìtì kì í kàn ṣí nítorí pé èèyàn tẹ bọ́tìnì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, òṣìṣẹ́ kan tó jókòó síbòmíràn á wò ọ́ nínú kámẹ́rà, á dá ọ lóhùn, á sì jẹ́ kó ṣí fún ọ. Ẹni tó ń sáré lé ọkọ̀ lè kùn pé èyí ń fi àkókò òun ṣòfò, kò sì purọ́. Síbẹ̀, lífìtì tó ní ká dúró díẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n fọ́ lóru àná lọ. Ohun kan sì wà níbẹ̀ tó wù mí: ohùn èèyàn ti padà síbi tí aláàárù ti kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn díẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ètò ìkànìyàn ọdún 2011 rí ọmọ Nàìjíríà 17,642 ní Ireland, púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé ní Dublin àti agbègbè rẹ̀, ní Blanchardstown, Clonsilla, Lucan, Tallaght, títí lọ dé Balbriggan lápá àríwá. Ẹ fojú inú wo ìyá ọlọ́mọ kan tó lọ ra iṣu àti èlùbọ́ lọ́jà Moore Street láàárín ìlú, tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, tí àpò ọjà kọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, tí ọmọ kejì sì di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ẹ wo ìyá àgbà tó ti Ìbàdàn wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, tí orúnkún ń dùn. Kò sí ẹni tó máa kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n bí lífìtì bá bàjẹ́, ìyà kan náà ló máa jẹ wọ́n. Ọ̀nà tó bá gba kẹ̀kẹ́ arọ, gbogbo ayé ló gbà. Títí di 2018, ẹni tó nílò pátákó tí mo sọ lókè yẹn ní láti fi tó wọn létí ní wákàtí 24 ṣáájú. Ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán wákàtí 4 wò lórí DART. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwa tó kù ló ń fi wákàtí 4 ṣáájú bẹ rélùwéè pé òun fẹ́ jáde?

Àlàfo mìíràn tún wà tó gùn ju ti pèpéle lọ fíìfíì: èyí tó wà láàárín ilé àti ibùdókọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ tó dun èèyàn jù ni Kishoge, lápá ìwọ̀ oòrùn Dublin, lójú ọ̀nà tó ti Heuston lọ sí Kildare. Nígbà tí wọ́n ń fẹ ojú irin ibẹ̀, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ síbẹ̀ parí ní nǹkan bí 2009. Pèpéle wà, àtẹ̀gùn wà, lífìtì wà. Wọ́n wá ti géètì rẹ̀ pa. Ọrọ̀ ajé Ireland ti dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àwọn ilé tí wọ́n rò pé yóò yí ibẹ̀ ká kò di kíkọ́ mọ́, èrò tí wọ́n ń retí kò sì dé. Ọkọ̀ ń kọjá lójoojúmọ́, kò dúró. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba: ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni Kishoge tó ṣílẹ̀kùn. Kó tó ṣí, wọ́n tún ní láti náwó sórí rẹ̀, torí ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ kì í dúró bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, pé a kì í gbé ọkọ̀ dúró níbi tí kò sí èrò. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n Adamstown, tó jẹ́ alámùúlétì Kishoge lójú irin kan náà, dá wọn lóhùn. Níbẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ètò ìlú náà láti 2003 pé ilé kò gbọ́dọ̀ kọjá iye kan kí ohun amáyédẹrùn kan pàtó tó wà nílẹ̀, nítorí náà ibùdókọ̀ rẹ̀ ṣí ní 2007, nígbà tí ilé tó wà níbẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ẹni tó kó wọ Adamstown bá ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀, ó sì fi í kọ́ra. Ẹni tó kó wọ ibi tí kò sí ọkọ̀ á ra mọ́tò, ẹni tó bá sì ti ra mọ́tò tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kò rọrùn láti fa padà wá sórí pèpéle lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èrò kì í ṣáájú ibùdókọ̀, ibùdókọ̀ ló ń pe èrò. Àwa náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí nílé. Nígbà tí ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ajé ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọkọ̀ náà dára, àyè ìjókòó rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n Moniya ló já èrò Ìbàdàn sí, Láderin ló sì já ti Abẹ́òkúta sí. Ẹni tó ń lọ sí Mọ́lété ṣì ní láti wá mọ́tò mìíràn, pẹ̀lú àkókò àti owó tó lè mú kó sọ pé òun ì bá kúkú ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ọjọ́ta.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ̀ púpọ̀ sí i ni Dublin nílò, kì í ṣe lífìtì. Kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ kan náà tí Kishoge ṣí ni àtẹ àkókò tuntun bẹ̀rẹ̀ fún ọkọ̀ Dublin, kò sì pẹ́ tí igbe fi ta lórí ọkọ̀ tó ń pẹ́, débi pé wọ́n ní láti tún àtẹ náà ṣe kí ọdún tó parí. Ohun tó fà á kò ṣòro láti lóye. Afárá ọdún 1891 yẹn ṣì ni gbogbo wọn ń gbà: ọkọ̀ Howth, ọkọ̀ Malahide, ọkọ̀ Drogheda, ọkọ̀ Maynooth, àti àwọn tó ń bọ̀ láti Kildare gba ihò abẹ́ Phoenix Park tí wọ́n ṣí fún èrò ní 2016. Ojú irin méjì péré ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ní àlọ, ọ̀kan ní àbọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ ní Tara Street, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á pẹ́, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn á pẹ́. Bí òwúrọ̀ á ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí ló ń mú ọkọ̀ pẹ́ ní Tara Street? Ìlẹ̀kùn ni. Ọkọ̀ kò lè lọ títí ẹni tó ń sọ̀ á fi sọ̀, tí ẹni tó ń wọlé á fi wọlé. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá ga ju pèpéle, èèyàn á dúró díẹ̀ kó gbẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ọmọ á yí ẹ̀yìn padà kó fà á sókè. Arúgbó á wá ibi tó máa dì mú. Òṣìṣẹ́ á sáré gbé pátákó wá. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lára èèyàn kọ̀ọ̀kan, ó di ìṣẹ́jú odindi lára ọkọ̀ kan, ó sì di wákàtí lára gbogbo ọkọ̀ ọjọ́ náà. Bí pèpéle àti ọkọ̀ bá bára wọn dọ́gba, gbogbo èèyàn á ṣàn wọlé bí omi. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà láti rí ọkọ̀ púpọ̀ sí i gbà lórí afárá tóóró, àlàfo yẹn náà ló yẹ kó lọ bá jà. Nítorí náà, mi ò rí ìjà láàárín ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ọkọ̀ púpọ̀ àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Lóòótọ́ ni pé títún ibùdókọ̀ àtijọ́ ṣe ń jẹ owó, pàápàá níbi tí pèpéle ti tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ tàbí tí òfin ti dáàbò bo ilé náà nítorí ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ Ireland fúnra rẹ̀ tún wọ́n, nítorí ojú irin ibẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti púpọ̀ nínú ayé. Ní àwọn ọdún 1840, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ń lo ìbú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìjọba wá fi òfin ọdún 1846 dá wọn lẹ́kun, ó sì sọ ọ́ di ìbú mílímítà 1,600, nígbà tí èyí tó wọ́pọ̀ jù láyé, tó sì jẹ́ ti ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, jẹ́ 1,435. Nítorí èyí, Ireland kò lè lọ ra ọkọ̀ àlòkù lọ́dọ̀ aládùúgbò. Wọ́n ní láti rọ tirẹ̀ fún un. Èyí tí wọ́n bá sì rọ, á tó ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lójú irin. Àṣìṣe tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó dé á fi bímọ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí pẹ̀lú Alstom, ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ọkọ̀ ojú irin, ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, tó fàyè gba wágúnù èrò tó lè tó 750 láàárín ọdún mẹ́wàá, ṣe pàtàkì ju bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe gbé e lọ. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ ni bátìrì tí yóò máa gbé àwọn kan nínú wọn rìn níbi tí wáyà iná kò dé. Ohun tí èmi ń wò ni àtẹ̀sẹ̀ kékeré tó máa yọ jáde fúnra rẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn láti dí àlàfo yẹn. Nígbà tí wọ́n rò ó mọ́ ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ bọ́ sínú owó ọkọ̀. Bákan náà ni Pelletstown tó ṣí ní 2021 àti Woodbrook tó ṣí ní 2025, tí kẹ̀kẹ́ lè dé pèpéle wọn láìgun àtẹ̀gùn. Láti 2022, yúrò 2 péré ni àgbàlagbà tó ní Leap, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, fi ń wọ bọ́ọ̀sì, Luas tó jẹ́ ọkọ̀ ojú irin orí títì, àti DART fún ìṣẹ́jú 90 ní Dublin. Owó ọkọ̀ tó rọjú báyìí kò wúlò fún ẹni tó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ní ti jàǹdùkú, tí àwọn kan fi ń sọ pé kí ni ànfààní ká máa tún ohun tí wọ́n tún máa fọ́ ṣe: ibi tó dá páropáro ni wọ́n ti ń fọ́ nǹkan. Ibùdókọ̀ tí òṣìṣẹ́ wà, tí iná tàn, tí èrò ń wọ tí wọ́n ń jáde, jàǹdùkú kì í fi ibẹ̀ ṣe ilé. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé pátákó náà ló ń fi ọ̀nà han àlejò, òun ló sì ń rí ọmọ tó sọnù.

Ohun kan tún wà ní àwọn ibùdókọ̀ Dublin tó yẹ kí Yorùbá wò dáadáa. Gbogbo pátákó orúkọ ibẹ̀ ló ní èdè Irish lára pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Connolly ń jẹ́ Stáisiún Uí Chonghaile, Pearse ń jẹ́ Stáisiún na bPiarsach, bí wọ́n sì ṣe ń kéde ọkọ̀ lédè kan náà ni wọ́n ń kéde rẹ̀ ní èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń fi Irish sọ̀rọ̀ ní Dublin lójoojúmọ́ kò pọ̀. Àwa tí a pọ̀ tó báyìí ní Èkó, mélòó la gbọ́ nínú èdè wa lórí pèpéle? Ọ̀nà láti títì dé inú ọkọ̀ kò ní àtẹ̀gùn nìkan. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n kéde, òun náà ti bá àlàfo pàdé.

Èkó ṣì wà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Wọ́n ṣí Red Line, ibùdókọ̀ mẹ́jọ láti Agbádó dé Oyíngbo, ní oṣù Kejì ọdún 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹwàá. Àwọn ọkọ̀ Talgo tí ìjọba Èkó rà fún Red Line, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ rọ wọ́n fún. Pèpéle ìlú mìíràn ló wà lọ́kàn ẹni tó wọn ẹnu ọ̀nà wọn. Kí àwọn ẹnjiníà gbé téèpù lọ sí Agbádó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe lọ́jọ́ àlejò, kí wọ́n wọn àlàfo tó wà láàárín pèpéle àti ọkọ̀ nígbà tí ìyá ọlọ́jà kan gbé agbọ̀n tòmátì rù, tó sì ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀, torí kò lè tẹrí ba wo ilẹ̀. Ohun tí téèpù bá sọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí wọ́n sì tún un ṣe nísinsìnyí tí kọnkéré ṣì tutù.